Igi orí àpáta nínú ike: bí gungurru tí mo rà ní Perth ṣe rí

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra igi yukalíptọ́ọ̀sì kékeré kan ní dọ́là 18 ní ilé ìtajà ọ̀gbìn kan tó wà ní ẹ̀yìn odi ìlú Perth, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Silver Princess ni àwọn olùtajà ń pè é; gungurru ni àwọn Noongar, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń pè é; Eucalyptus caesia sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti gbìn ín, ó ti wó, mo ti gé e, ó ti tún hù, nítorí náà mo rò pé mo ti ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ń kánjú, ìdájọ́ mi nìyí: igi náà tó owó rẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìtajà náà dára níwọ̀nba, ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ igi náà lọ́rùn ni kò wúlò, nítorí pé kò sọ ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn ni pé orí àpáta ni igi náà ti wá.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé ìtajà náà. Igi àti òdòdó ìbílẹ̀ Ọsirélíà nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ohun tó sì mú mi yàn wọ́n láàyò nìyẹn, dípò kí n lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá tí ènìyàn ti lè ra ìṣó, ọ̀dà àti òdòdó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ àwọ̀n dúdú ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí ní ìlà-ìlà, wọ́n sì ń bomi rin ín tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ààrin ìlà kì í gbẹ. Bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun báláú ni ó dá mi lóhùn. Ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, kò fi ojú àlejò wò mí, ó sì mú mi yí gbogbo ọgbà náà ká láìka àsìkò sí. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè irú ìtọ́jú tí igi náà ń fẹ́, ìwé pélébé yẹn ni ó kà sí mi létí: oòrùn tó pọ̀, omi déédéé, ajílẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba owó.

Yukalíptọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní Nàìjíríà ni èyí tó ga fíofío, tí wọ́n gbìn sí apá Àríwá láti fi gba ìjì eléruku dúró àti láti fi rí igi dá. Irú rẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà lé ní 700, gbogbo wọn kọ́ ni ó sì ga. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní karri lè ga tó mítà 80, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gungurru kò ju òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Kò ní ìtì kan gbòógì bí igi ìrókò. Ìdí rẹ̀ wú lábẹ́ ilẹ̀ bí orí iṣu, láti ibẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń yọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí de ọjọ́ tí ìyà bá dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orí iṣu yìí, nítorí pé òun ni ó gbà mí lọ́wọ́ òfò lẹ́yìn náà.

Ohun tó mú mi na owó lórí rẹ̀ ni ara rẹ̀. Ọ̀pá tuntun, ìrudí àti èso rẹ̀ ni ohun kan bò, tí ó funfun tí ó sì rí hẹ́úhẹ́ú, àfi bí ẹni pé ẹnì kan po ẹfun ó sì fi kùn wọ́n. Bí ẹ bá fi ìka nù ún, yóò ṣí, ẹ ó sì rí àwọ̀ pupa bí osùn lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí ìka bá kàn yóò máa hàn síbẹ̀. Ẹfun yìí ni George Bentham, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì, wò ní ọdún 1867 tí ó fi sọ igi náà ní caesia, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tó ń tọ́ka sí àwọ̀ tó wà láàrin búlúù àti eérú. Ọwọ́ James Drummond, ẹni tó ń kó ewéko jọ ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ni ẹ̀ka tí ó fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ ti wá. Lára àwọn ọ̀pá tó ti dàgbà, èèpo rẹ̀ kì í já bọ́ ní pẹlẹbẹ. Ó máa ń là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì ká sókè ní wínníwínní bí fífá pákó tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo ti rí ọmọ mi àgbà tó ń fi ọwọ́ pa á lára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í jókòó jẹun parí.

Òdòdó rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Ìrudí mẹ́tamẹ́ta ni ó máa ń so rọ̀ sórí ẹ̀ka tó tẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì dé ọmọrí ṣóńṣó. Lọ́jọ́ tí òdòdó bá fẹ́ là, ọmọrí náà yóò já bọ́, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí orí wọn ní kóró yẹ́lò, yóò sì tú jáde bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Inú òtútù ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọgbà ní Perth kò ní ohun tí wọ́n lè fi hàn àlejò. Tí òdòdó bá sì rẹ̀, èso rẹ̀ yóò le, yóò máa fì lórí ẹ̀ka bí ṣaworo, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjà náà dùn ún wò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé mo tẹ̀lé ohun tí ìwé pélébé náà sọ. Mo gbìn ín sí ilẹ̀ tó lọ́ràá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìloro, mo ń bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní alẹ́, mo fi ajílẹ̀ sí i ní ìgbà ìrúwé, mo sì tún fi kún un nígbà tí mo rí i pé ó ń jẹ ẹ́. Láàrin ọdún kan, ó ti ga kọjá etí òrùlé. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó rọ̀, orí rẹ̀ sì wúwo. Ní oṣù Kẹfà ọdún kejì, ó yọ òdòdó, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ní oṣù Keje, atẹ́gùn òru kan fẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi mi ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí kóńkéré.

Nígbà tí mo wo ìdí rẹ̀, mo rí ohun tí wọ́n tà fún mi gan-an. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ká yíká ara rẹ̀ bí òṣùká, ó sì tún ní ìrísí ike tí mo ti yọ ọ́ kúrò ní oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú. Ó ti pẹ́ jù nínú ike kí n tó rà á, omi tí mo sì ń da sí i lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí ó rí ìdí kankan láti na gbòǹgbò jìnnà. Mo pe ilé ìtajà náà. Bàbá náà ní ìdánilójú oṣù mẹ́ta ni àwọn máa ń fún oníbàárà, tèmi sì ti kọjá rẹ̀, nítorí náà kò sí owó láti dá padà. N kò bá a jà lórí èyí, nítorí ó wà lára rìsíìtì. Ohun tó dùn mí ni gbólóhùn tí ó fi parí ọ̀rọ̀: ó ní kí n lọ wo gungurru ní Boyagin, pé tí mo bá ti rí ibi tí ó ń gbé, yóò yé mi. Ẹni tó mọ èyí, kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tí mo mú dọ́là 18 jáde?

Àpáta Boyagin wà ní agbègbè àwọn ìlú kékeré tó ń jẹ́ Brookton àti Pingelly, nǹkan bí wákàtí méjì ni mọ́tò fi dé ibẹ̀ láti Perth. Ìparí oṣù Kẹjọ ni a lọ, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti Màámi tí wọ́n wá láti Ìdànrè láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Oko àlìkámà ni ní ọ̀tún, oko àlìkámà ni ní òsì, títí ojú fi rẹ̀ wá. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti ṣán an láti fi dá oko àti láti fi sin àgùntàn, àfi ibi tí katakata kò lè tú. Àpáta ni katakata kò lè tú. Ìdí nìyẹn tí àwọn àpáta wọ̀nyí, pẹ̀lú igbó díẹ̀ tó yí wọn ká, fi dà bí erékùṣù láàrin oko. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì ni gungurru ti jẹ́ ẹni erékùṣù: àpáta gíránáìtì mélòó kan péré ni ó ń gbé ní agbègbè àlìkámà yìí, kò sì sí lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàrin wọn.

Àwọn Noongar máa ń sọ pé ẹni tó bá gun Boyagin dé òkè láìdúró yóò pẹ́ láyé. Màámi dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹ̀mí gígùn tí Olódùmarè ti fún àwọn ti tó, pé àwọn kò wá gba èyí tó jẹ́ ti onílẹ̀ mọ́ tiwọn. Ẹni tó ti ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600 láti kékeré kò ka àpáta yìí sí òkè. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ nígbà tí a dé ibi tó tẹ́jú díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ń wò yíká. Àpáta náà rí bíi tiwa ní tòótọ́: dúdú níbi tí omi ti ń ṣàn, eléérú níbi tí oòrùn ti ń pa á, pẹ̀lú àwọn kòtò tí omi òjò dúró sí. Ewéko kúkúrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Borya bo àwọn ibi tí yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ wà, ó le, ó sì ń gún ẹsẹ̀. Àsìkò òjò ni, nítorí náà ó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, yóò gbẹ, yóò pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti kú, òjò kan ṣoṣo ni yóò sì jí i.

Inú pàlàpálá àpáta ni mo ti rí gungurru àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í, nítorí pé ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ibi tí àpáta náà là sí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ní ìbú. Ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ yẹ̀pẹ̀ dúdú díẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ ewé jíjẹrà àti òkúta wẹ́wẹ́, n kò lè fi ìka wọ inú rẹ̀ ju oríkèé kejì lọ kí n tó kan àpáta. Ìdí igi náà, orí iṣu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti fún ara rẹ̀ mọ́ ojú lílà náà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá fi igi há ẹnu ọ̀nà. Mo dì í mú, mo mì í, kò mì. Atẹ́gùn orí àpáta ń fẹ́ aṣọ mọ́ wa lára nígbà náà, ẹ̀ka rẹ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí rẹ̀ dúró gbagidi. Mo rántí tèmi tó sùn sórí kóńkéré nítorí atẹ́gùn òru kan.

Omi ni ohun kejì tó yé mi níbẹ̀. Òjò agbègbè náà kò pọ̀ lọ́dún, inú òtútù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Ṣùgbọ́n àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí ojú rẹ̀ tó tẹ́jú ni ó ń ṣàn lọ sínú lílà tàbí sí ẹsẹ̀ àpáta, nítorí náà igi tó dúró síbẹ̀ ń gba ìpín tirẹ̀ àti ìpín àpáta pọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, kò ní rí ẹ̀kán kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa wá ọ̀rinrin lọ sí ìsàlẹ̀ lílà. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní òtútù, lẹ́yìn náà kí ojú ọ̀run dákẹ́: ètò rẹ̀ nìyẹn. "Omi déédéé" tó wà lórí ìwé pélébé jẹ́ òdì kejì rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó yẹ kí n sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ pé èyí tó wà ní Boyagin kéré sí èyí tí wọ́n ń tà. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Ian Brooker àti Stephen Hopper, pín igi yìí sí ẹ̀yà méjì: caesia, tí ewé àti òdòdó rẹ̀ kéré, àti magna, tí tirẹ̀ tóbi tí ẹ̀ka rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. Magna ni Silver Princess. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò dé orí àpáta, yóò sì máa sọ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ní tèmi, èyí tó kéré ni ó wù mí jù. Òdòdó rẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lórí igi, ẹyẹ kékeré kan tó ní ẹnu gígùn tó tẹ̀ díẹ̀ sì gbé ara rẹ̀ kọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ka, ó ń ti orí bọ inú wọn láti mu oje dídùn wọn. Ẹyẹ ni ó ń bá gungurru gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó láti ọ̀kan dé òmíràn kí ó lè so èso, ìdí sì nìyẹn tí oje rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ jíìnì igi wọ̀nyí wò ti rí i pé lórí àwọn àpáta kan, ọ̀pá tí ènìyàn yóò kà sí igi púpọ̀ jẹ́ igi kan ṣoṣo, tí ìdí rẹ̀ ti ń fẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí ó sì ń yọ ọ̀pá tuntun bí ti àtijọ́ ṣe ń kú. Bí iná bá jó o, yóò tún hù. Bí a bá gé e, yóò tún hù. Gbólóhùn yìí ni ó wà lọ́kàn mi nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀.

Màámi ti já ewé kan nínú ọgbà wa ní ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní: "Ṣé inú ọgbà ni ẹ ti ń gbin róòbù níbí ni?" Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe igi náà ní róòbù. Lórí àpáta, wọ́n nawọ́ sí èso kan tó ti gbẹ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Òfin kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ."

"Hóró kan péré ni mo fẹ́ mú dé Ìdànrè. Ṣebí àpáta náà ni tiwa?"

Mo ṣàlàyé pé àpáta rí bákan náà ṣùgbọ́n òjò kò rí bákan náà: inú ooru ni òjò tiwa ń rọ̀, inú òtútù ni tiwọn, àti pé àwọn aṣọ́bodè kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irúgbìn tó ń wọ ìlú tàbí tó ń jáde. Wọ́n fi èso náà sílẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ṣí òkúta pẹlẹbẹ kan wò, mo tún bẹ̀ wọ́n, nítorí pé abẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni alángbá orí àpáta ń sá pa mọ́ sí, ẹni tó bá sì yí i kúrò ti wó ilé onílé.

Nígbà tí a dé ilé, mo mú ayùn, mo gé gbogbo ọ̀pá igi mi títí ó fi ku ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Mo gé àwọn gbòǹgbò tó ti ká bí òṣùká, mo gbé ìdí náà dúró, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn yí i ká, mo dá omi ojoojúmọ́ dúró, mo sì fi ajílẹ̀ tó kù ta aládùúgbò lọ́rẹ fún ewébẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ọmú kékeré pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára orí iṣu náà. Ewé àkọ́yọ wọn rí róbótó, kò gùn bíi ti igi tó ti dàgbà, ẹfun sì bò wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ti padà sí ilé ìtajà náà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi èyí tó wà nínú ike ńlá sílẹ̀, mo béèrè èyí tó kéré jù, inú ike gbọọrọ kékeré, dọ́là 5. Mo ní kí bàbá náà yọ ọ́ kúrò nínú ike kí n rí gbòǹgbò rẹ̀ kí n tó sanwó. Kò bínú, ó yọ ọ́, gbòǹgbò náà funfun, ó sì nà tààrà sísàlẹ̀. Ẹ máa béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ yóò máa lu àlejò lójú, ẹ sì má fi igi tì í lẹ́yìn pẹ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́ ọ ní dídúró. Mo fún ilé ìtajà náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, mo fún igi náà ní márùn-ún. Ìwé pélébé àtijọ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn gbogbo wọn.

Màámi ti padà sí Ìdànrè, wọ́n sì ń béèrè lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá róòbù wọn ti yọ òdòdó. Ọ̀pá mẹ́rin ni ó ní báyìí. Ìrudí mẹ́ta ti rọ̀ sórí èyí tó gùn jù, ẹfun ara wọn kò tíì ṣí.